Ẹ Bi Wá: Ọmọ Wa Ń Lọ sí Yunifásítì Àwọn Lútérà, Kí Ló Máa Bá Níbẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti dárúkọ àwọn ilé ìwé gíga ìjọ Lútérà ní Amẹ́ríkà lójú ewé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, ti ìyá, ti bàbá, ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ti débẹ̀ tí òtútù ti ń fìyà jẹ, torí náà àwọn ni mo fún ní gbogbo àyè mi lóṣù yìí. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì fi orúkọ pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi ọkùnrin gba àdìmíṣọ̀n sí Luther College ní Decorah, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Onítẹ̀bọmi ni wá nílé wa, bàbá ẹ̀ ní ṣé wọn ò ní yí ọmọ òun lọ́kàn padà. Tèmi ni pé ìlú yẹn kéré jù, mo wò ó lórí máàpù, oko àgbàdo ló yí i ká. Ṣé ilé ìwé gidi ni? Tó bá ń ṣàìsàn, ta ló máa mọ̀? – Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú oríire o, ayọ̀ yìí á kalẹ́. Ilé ìwé gidi ni. Ọdún 1861 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ará Nọ́wè tó kó wá ṣe àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀, wọn ò ní pásítọ̀ tó, wọn ò sì lè máa dúró de èyí tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé wá láti ilé, ni wọ́n bá ní àwọn á máa kọ́ ọmọ àwọn fúnra àwọn. Luther tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, tí ìjọ Lútérà náà ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, olùkọ́ yunifásítì lòun náà, ní Wittenberg ní Jámánì, ibẹ̀ ló wà ní 1517 tó fi kọ̀wé tako bí wọ́n ṣe ń fi ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ta ọjà. Látìgbà yẹn, ibi tí ìjọ yẹn bá dé, tí wọ́n bá ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tán, ilé ìwé ló kàn.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ bá mi fọkàn Bàbá balẹ̀. Ìjọ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn bá tan, ELCA ni wọ́n ń pè é, àwọn ilé ìwé wọn kì í fipá mú ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n máa ń ṣe ìsìn kékeré láàárín ọ̀sẹ̀, kì í pẹ́ rárá, ẹni tó bá wù á lọ, ẹni tí kò bá wù á jókòó sí láíbìrì, kò sẹ́ni tó ń mú orúkọ sílẹ̀. Ó máa ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ní kíláàsì o, ìyẹn wà, wọ́n á bi í ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi í rí ní Abẹ́òkúta nípa ohun tóun fúnra ẹ̀ gbà gbọ́. Àwọn Lútérà ń ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jọ jiyàn ẹ̀ títí oúnjẹ á fi tutù. Èmi ò rí ewu kankan níbẹ̀. Ọmọ tó bá lè dáhùn ìdí tó fi jẹ́ Onítẹ̀bọmi, ìgbàgbọ́ ẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti ẹni tí kò sẹ́ni tó bi í rí lọ.

Òótọ́ ni pé ìlú yẹn kéré, àwọn tó ń gbé Decorah ò pé 8,000, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn náà ò pé 2,000. Àmọ́ Màmá, ohun tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an lèmi bá ní kẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ rán an lọ. Ní yunifásítì ìjọba tó láwọn 40,000 akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ lè wà nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn. Níbi tó ń lọ yìí, inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé láti ọdún kìíní títí dé ọdún tí wọ́n á fi kàwé jáde, ibì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, olùkọ́ mọ orúkọ wọn, tí kò bá rí ọmọ ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì á fi ímeèlì ránṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún nìyẹn o, kì í ṣe ìwé nìkan, ìwé wà níbi gbogbo.

Ẹ má sì rò pé àwọn ará Iowa nìkan ló máa bá níbẹ̀. Àwọn ilé ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní United World College, wọ́n wà káàkiri ayé, ọ̀kan wà ní Eswatini, ọ̀kan wà ní Nọ́wè, àwọn ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ máa ń rí ìrànwọ́ owó tí wọ́n ń pè ní Davis tí wọ́n bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ètò náà, Luther College sì wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlú kékeré yẹn fi ń rí ọmọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lọ́dọọdún. Okùn àárín àwọn àti Nọ́wè náà ò sì tíì já, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn pé 150 ọdún ní 2011, Ọba Harald fúnra ẹ̀ pẹ̀lú Olorì Sonja wá bá wọn ṣe é.

Ẹ sọ fún un kó wọ kwáyà. Kò dìgbà tó bá fẹ́ ka músíìkì, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Lútérà yìí ò fi orin ṣeré rárá, wọ́n ní kwáyà tó ju ẹyọ kan lọ, ọmọ tó ń ka kẹ́mísìrì máa jókòó ti ọmọ tó ń ka ìṣirò owó. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ẹ má rà á ní Èkó, kò ní tó. Oṣù January níbẹ̀ lè wọ ìsàlẹ̀ òdo dé 20 dígírì, ọ̀hún ló ti máa rí èyí tó lè gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mo wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Lútérà kan ní Minnesota. Gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan nínú wọn. Àwa ọmọ Áfíríkà la jọ ń jẹun lórí tábìlì kan láràárọ̀, lálaalẹ́. Tí họ́lídè bá dé, gbogbo wọn á lọ sílé, hósítẹ́ẹ̀lì á wá dá páropáro. Mo fẹ́ tíráńsífà lọ sí Houston lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. – Ó Ti Sú Mi

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ ká mi lára. Minneapolis lèmi náà ń gbé, mo mọ ẹ̀rín tí ò ń sọ yẹn, wọ́n á kí ẹ, wọ́n á bi ẹ́ pé ṣé dáadáa lo wà, kó o tó lanu wọ́n ti kọjá.

Àṣà wọn ni, kì í ṣe ìkórìíra. Àwọn ọmọ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rẹ́ tuntun torí wọn ò wá a rí. Wọn kì í ya ilé èèyàn láìsọ, wọ́n rò pé ìyọnu ni, bó o ṣe ń retí kí wọ́n yà lọ́dọ̀ ẹ làwọn náà ń rò pé o ò fẹ́ ká dà ẹ́ láàmú. Ìwọ ni wàá dá ọjọ́. Má sọ pé "ẹ wá ká jọ jẹun nígbà kan," torí kò sí ọjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, sọ pé Friday, aago mẹ́fà, kíṣìnnì tó wà nísàlẹ̀ hósítẹ́ẹ̀lì, mò ń se jọ̀lọ́ọ̀fù. Aago mẹ́fà gééré lo máa rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì gbé nǹkan dání. Dín ata ẹ̀ kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Tábìlì ọmọ Áfíríkà yẹn, má fi í sílẹ̀ o, ibẹ̀ lara ti ń tù ẹ́, ẹni tó bá ń sọ pé kẹ́ ẹ má jókòó pọ̀ ò mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ má jẹ gbogbo oúnjẹ ọjọ́ níbẹ̀. Gbé abọ́ ẹ lọ sí tábìlì míì lọ́sàn-án, tábìlì kan náà léraléra títí ojú á fi mọjú, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò lè ṣe nǹkan kan. Àtìgbà Luther fúnra ẹ̀ ni tábìlì oúnjẹ ti jẹ́ ibi tí iṣẹ́ gidi ti ń wáyé ní ilé ìwé wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé nílé ẹ̀ ní Wittenberg, ìyàwó ẹ̀, Katharina von Bora, ló ń dáko, ló ń sin ẹran, ló ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ òyìnbó wọn, òun ló ń bọ́ gbogbo èrò yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa kọ ohun tí Luther bá sọ nídìí oúnjẹ sílẹ̀, ó kún ìwé. Èmi máa ń sọ pé obìnrin yẹn lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè nínú ìtàn ilé ìwé Lútérà, torí láìsí abọ́ tó gbé kalẹ̀, ta ló máa jókòó gbọ́ nǹkan kan?

Ohun kan tún wà tí wọn ò sọ fún ẹ lọ́jọ́ ọ̀ríẹ́ńtéṣọ̀n, inú á sì bí mi tó o bá kàwé jáde láì gbọ́ ọ. Àwọn tó dá ilé ìwé wọ̀nyẹn sílẹ̀, àlejò ni wọ́n, bí ìwọ gẹ́lẹ́. St. Olaf ní Northfield, 1874, ará Nọ́wè. Augsburg, 1869, ará Nọ́wè. Gustavus Adolphus, 1862, ará Sweden. Èdè ilé wọn ni wọ́n fi ń wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, òótọ́ ni mò ń sọ, wọ́n ń pè é ní bygdelag, àwọn tó wá láti àgbègbè Valdres ló kọ́kọ́ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1899, wọ́n á pàdé lọ́dọọdún, wọ́n á jẹ oúnjẹ ilé, wọ́n á béèrè ará ilé lọ́wọ́ ara wọn, kí ló wá yàtọ̀ nínú ìyẹn sí ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń lọ? Ìgbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, gómìnà Iowa pa á láṣẹ ní 1918 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ èdè míì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì níta gbangba, lórí fóònù, nílé ìwé, tó fi dé inú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbàdúrà lédè Nọ́wè tàbí ti Jámánì láti kékeré, ó di arúfin. Àwọn ọmọ ọmọ wọn lẹ jọ wà ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ ìtàn yìí mọ́. Bi wọ́n léèrè ibi tí ìyá bàbá wọn ti wá. Ìbéèrè yẹn máa ń ṣílẹ̀kùn.

Ní ti họ́lídè, má dúró di November. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè máa ń ní àwọn ìdílé nínú ìlú tó fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé fún Thanksgiving àti Kérésì, lọ bá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ October kó o ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé Northfield lo wà, Christmas Festival tí wọ́n ti ń ṣe láti 1912 yẹn, má jókòó sí yàrá o, àwọn kwáyà àti ọ̀kẹ́sítírà wọn ló máa ń para pọ̀ kọrin, èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá, oúnjẹ àwọn ará Nọ́wè máa ń wà, lefse tó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀dùnkún ṣe àkàrà pẹlẹbẹ, àti lutefisk, ẹja gbígbẹ tí wọ́n rẹ. Ẹni tó dàgbà sídìí ẹja gbígbẹ bíi tiwa ò yẹ kó sá fún un.

Àmọ́ o, tó bá jẹ́ ìwọ̀sí lẹnì kan fi lọ̀ ẹ́, torí àwọ̀ ẹ tàbí ohùn ẹ, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà mọ́. Kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, mú ẹlẹ́rìí, gbé e lọ sí ọ́fíìsì dean, má gbé e mì.

Tó o bá ṣe gbogbo èyí di ìparí sẹ̀mẹ̀sítà tó ń bọ̀ tí ọkàn ẹ ò sì balẹ̀, lọ sí Houston, kò sẹ́ni tó máa bú ẹ. Ṣáà rí i pé àwọn kọ́ọ̀sì tó o ti kà máa bá ẹ lọ kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni mí, híjáàbù ni mò ń lò. Wọ́n sọ fún mi nípa Augsburg University. Ṣé kò ní dà bíi pé mo lọ ká a mọ́ wọn nínú ilé wọn? – Ọmọ Alhaja, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò. Augsburg kó wá sí Minneapolis láti Wisconsin ní 1872, àdúgbò Cedar-Riverside ló wà, àdúgbò yẹn ló sì wá di ibùdó àwọn ará Sòmálíà ní Amẹ́ríkà, tó o bá jáde ní géètì ìwọ náà á rí mọ́ṣáláṣí, wàá rí ṣọ́ọ̀bù hàláàlì, wàá rí àwọn ìyá tó wọ híjáàbù bíi tìẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò yẹn ló ń kàwé níbẹ̀. Yunifásítì yẹn ní òṣìṣẹ́ tó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, ààyè ìrun wà, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ kan nínú ọgbà tó jẹ́ pé bí ẹlẹ́sìn kan ṣe lè bá ẹlẹ́sìn míì ṣe pọ̀ niṣẹ́ wọn. Ó wù mí pé ilé ìwé tí wọ́n fi ìwé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ àwọn Lútérà ti 1530 sọ lórúkọ ló wá rí báyìí, tí wọn ò sì sọ Lútérà wọn nù. Tó o bá ń kọ ìwé àpílíkéṣọ̀n, sọ ẹni tó o jẹ́ gbangba.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ṣé kì í ṣe pé àwọn òyìnbó yìí kàn ń ṣàánú wa ni? Kí ló pa dúdú pọ̀ mọ́ yunifásítì Lútérà? – Olùkọ́ Ìtàn, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Olùkọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè, torí ìbéèrè yìí lèmi ti ń wá ẹni tó máa bi mí.

Ní 1534, Luther ṣì wà láyé, díákónì kan láti Etiópíà tó ń jẹ́ Mikael rìn dé Wittenberg. Kì í ṣe ẹrú, kì í ṣe alágbe, ẹni Ọlọ́run ni, ó wá bá wọn jíròrò ẹ̀sìn, wọ́n jókòó, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ò jìnnà síra wọn, Luther sì buyì fún ìjọ Etiópíà torí pé ó ti wà tipẹ́ láìsí lábẹ́ Póòpù. 200 ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní yunifásítì Wittenberg yẹn náà, Anton Wilhelm Amo gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1734. Ọmọ Axim ni Amo, ní Gánà òde òní, wọ́n gbé e lọ sí Yúróòpù ní kékeré, ààfin ọ̀tọ̀kùlú kan ní Jámánì ló ti dàgbà. Ní 1729 ó ti kọ́kọ́ dúró ní yunifásítì Halle, ó gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Yúróòpù lábẹ́ òfin. Ó kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó ní Halle àti Jena kó tó padà sílé. Halle àti Wittenberg ti di yunifásítì kan ṣoṣo báyìí, orúkọ Luther ni wọ́n ń jẹ́, ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí Amo sì wà ní Halle láti 1965. Ta ló wá ń ṣàánú ta níbẹ̀?

Okùn kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tọ̀ pẹ̀lú mi, torí ó gùn. Mikael Agricola kúrò ní Fínlándì lọ kàwé ní Wittenberg ní 1536, nígbà tó padà sílé ó túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè wọn, ó jáde ní 1548, ohun tí Àjàyí Crowther wá ṣe fún wa lẹ́yìn ìgbà náà nìyẹn. Àwọn ará Fínlándì tó jogún ìwé yẹn ló rán míṣánnárì lọ sí Ovamboland, àríwá Nàmíbíà, ní 1870. Ìjọ ibẹ̀ dàgbà, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, Leonard Auala di bíṣọ́ọ̀bù ní 1963. Gúúsù Áfíríkà ló ń jẹ gàba lé Nàmíbíà lórí nígbà yẹn, pẹ̀lú gbogbo òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà wọn. Ní 1971, Auala àti olórí ìjọ Lútérà kejì níbẹ̀, Paulus Gowaseb, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí olórí ìjọba Gúúsù Áfíríkà, Vorster, wọ́n ní ohun tí ẹ ń ṣe fún àwọn èèyàn wa ò dáa, ẹ fi wá sílẹ̀. Wọ́n ka lẹ́tà náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1973 wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé ìtẹ̀wé ìjọ náà ní Oniipa, ìjọ tún un kọ́, wọ́n tún jù ú ní 1980.

Ìgbà tí nǹkan rí báyìí làwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Lútérà ní Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ Nàmíbíà tí wọ́n ti di ìsáǹsá kúrò nílé. Pacific Lutheran University, ní Tacoma, ìpínlẹ̀ Washington, gba mẹ́sàn-án, wọ́n ń pè wọ́n ní Namibia Nine títí dòní. Àwọn ọmọ yẹn ò wá jókòó kẹ́jẹ́, wọ́n ń dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ní kíláàsì wọ́n ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn fáwọn tó jẹ́ pé wọn ò lè fọwọ́ tọ́ka sí Nàmíbíà lórí máàpù. Nàmíbíà gbòmìnira ní 21 March 1990. Ní báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ láti Tacoma ló ń lọ sí Windhoek lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, Augsburg náà ti ní ibùdó tiẹ̀ ní Windhoek níbẹ̀. Ọmọ tó lọ ṣe àlejò nígbà kan, òun ló ń gba àlejò báyìí. Ní nǹkan bí ìdajì àwọn ará Nàmíbíà ló jẹ́ Lútérà, kò sẹ́ni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹní ń ba ọmọdé sọ̀rọ̀ nínú ìjọ yẹn.

Nílé wa ńkọ́? Àwa Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n torí Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ wọ́n wà ní Nàìjíríà. Niels Brønnum, míṣánnárì láti Dẹ́nmáàkì, dé Numan, ní Adamawa òde òní, ní 1913. Ti Ibesikpo, ní Akwa Ibom, ló tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù, torí àwọn ará ibẹ̀ ló wá ìjọ lọ, ìjọ kọ́ ló wá wọn wá. Wọ́n rán ọmọ wọn, Jonathan Udo Ekong, lọ sí Amẹ́ríkà lọ kàwé, wọ́n sì ní kó bá àwọn wá ìjọ tó máa fún àwọn ní ilé ìwé. Ilé ìwé Lútérà àwọn aláwọ̀ dúdú ló dé, ní Greensboro ní North Carolina, ọ̀gá ilé ìwé yẹn, Henry Nau, ló sì wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ibesikpo ní 1936. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kan ló fa gbogbo ìyẹn. Nígbà tí àpapọ̀ ìjọ Lútérà lágbàáyé pàdé ní Windhoek ní 2017, ọmọ Nàìjíríà tiwa, Musa Panti Filibus, láti ìjọ Numan, ni wọ́n yàn ṣe ààrẹ. Tí ẹ bá sì ń wá ìjọ Lútérà tó tóbi jù lónìí, Etiópíà lẹ máa lọ, Mekane Yesus, ibi tí Mikael ti wá lọ́jọ́sí.

Nítorí náà Olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa kankan wọ ilé ìwé yẹn pẹ̀lú orí títẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Owó ńkọ́? Mo rí 60,000 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún lórí ìwé wọn, ojú mi ṣú. – Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Bàbá, iye tí wọ́n kọ síta kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń san. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdáni yìí máa ń yọ owó púpọ̀ kúrò nípasẹ̀ sikọ́láṣíìpù, nígbà míì ó lè lé ní ìdajì, àmọ́ ìyàtọ̀ tó bá kù ṣì wúwo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ máa fi iṣẹ́ san án. 20 wákàtí lọ́sẹ̀ péré ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, owó ọṣẹ àti fóònù nìyẹn. Ẹ bi wọ́n kó tó di pé ẹ fọwọ́ sí i: ṣé sikọ́láṣíìpù yìí máa wà fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n bá fowó lé owó ilé ìwé ṣé òun náà á lé, ta ló ń san ti ìlera, níbo ni ọmọ máa sùn nígbà họ́lídè.

Ẹ tún bi wọ́n bí owó ilé ìwé náà fúnra ẹ̀ ṣe rí. Ẹ má tijú láti béèrè. Àwọn ilé ìwé Lútérà kan ti palẹ̀ mọ́ láìpẹ́ yìí: Concordia ti Portland ní 2020, ti Bronxville ní New York ní 2021, Finlandia tí àwọn ará Fínlándì dá sílẹ̀ ní Michigan ní 2023. Èyí tó dùn mí jù ni ti Selma ní Alabama, tó kógbá wọlé ní 2018, torí ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ni, Rosa Young wà lára àwọn tó fi ẹ̀mí wọn ṣe é, olùkọ́bìnrin tó jẹ́ pé nígbà tí owó tán nílé ìwé kékeré tó dá sílẹ̀ ní abúlé, Booker T. Washington, gbajúgbajà olùkọ́ aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn, ló kọ̀wé sí, òun ló sì ní kó kọ̀wé sí àwọn Lútérà. Ọmọ tí ilé ìwé bá tì mọ́ lórí, tí físà ẹ̀ sì so mọ́ ilé ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń le ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Òfin físà náà ń yí padà lemọ́lemọ́, ẹ gbọ́ ti ẹ́ḿbásì kẹ́ ẹ tó san owó tí kò ṣeé gbà padà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ló wà ni? – Ọmọ Ọ̀ṣun, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá o. Tànsáníà ní Tumaini University Makumira, ní ẹ̀yìn ìlú Arusha, nísàlẹ̀ òkè Meru, ìjọ Lútérà Tànsáníà ló ni ín, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ló jẹ́ láti 1954 kó tó di yunifásítì ní 1997, ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ báyìí ti kọjá ìwé ìsìn. Ìjọ Lútérà kan náà ló ni University of Iringa, níhà gúúsù, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Lútérà ní St. Paul, Minnesota sì ti ń bá àwọn ti Iringa ṣe pọ̀ tipẹ́, wọ́n ń pe ètò náà ní Bega Kwa Bega, èèyàn ń tibẹ̀ lọ, èèyàn ń tọ̀hún wá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, Kíswàhílì ni wàá fi ra tòmátì. Owó ẹ̀ ò lè sún mọ́ ti Amẹ́ríkà rárá. Kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé wọn ní tààrà, béèrè irú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, bóyá WAEC nìkan tó, má sì fún àgẹ́ńtì kankan ní kọ́bọ̀ kí wọ́n tó dá ẹ lóhùn fúnra wọn.